Ẹ̀rọ Fíìmù fún Ọkọ̀ Alájà

Àbúrò bàbá mi kì í kìlọ̀ kó tó gbáni létí. Bí mo bá so wáyà pupa mọ́ ibi tó yẹ kí dúdú wà, etí mi á ti dún kí n tó mọ̀ pé mo ṣàṣìṣe. Bí oníbàárà bá jáde láìra nǹkan, etí kan náà ló máa jẹ ẹ́. Ilé ìtajà rẹ̀ wà ní Adjamé, ní Abidjan. A ń ta ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo fíìmù, bátìrì, àti ohun tí àwa ará ibí ń pè ní bafúlù, tí àwọn ará ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń pè ní sípíkà. Mo ti gboyè ní yunifásítì. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n máa fi oyè yẹn yangàn, nítorí kò tíì bá mi rí iṣẹ́ kankan, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣòro fún mi láti má rántí rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gbá mi létí lójú oníbàárà.

Bàbá Kékeré ni mò ń pè é. Òun ló gbà mí sílé nígbà tí bàbá mi kú, òun náà ló rán mi níléèwé. Nítorí náà, bí mo bá kórìíra rẹ̀, ojú á tì mí. Bí mo bá sì fẹ́ràn rẹ̀, ojú á tún tì mí. Mi ò mọ bí mo ṣe lè là á yé èèyàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyàwó rẹ̀ bá mi nílé nígbà tó wọlé ọkọ, nítorí ìyẹn ló ṣe ń pè mí ní ọkọ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tó bí mi. Kì í sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń nà mí. Á kọjú sí ògiri, á máa fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Bàbá Kékeré sọ bátìrì lù mí léjìká. Mo pe ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́.

"Ẹni tó bọ́ ọ ló nà ọ́," ni ìyá mi wí. "Ṣé orí rẹ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ni?"

Mo pa fóònù. Mo sọ fún ara mi pé bó bá tún fọwọ́ kàn mí lẹ́ẹ̀kan sí i, màá kúrò nílé rẹ̀. Mi ò ní ibì kankan tí mo lè lọ. Mo kàn mọ̀ pé bí mo bá tún dúró gba èyí tó kàn, nǹkan kan á kú nínú mi, mi ò sì ní rí i jí mọ́.

Báyìí lọ̀rọ̀ wà nígbà tí Alájà kan pe Bàbá Kékeré lórí fóònù. Ọmọ Ṣakí ni Alájà, aṣọ ló ń tà ní Treichville. Bàbá Kékeré bá a sọ̀rọ̀ tán, ó kọjú sí mi.

"Alájà fẹ́ nǹkan tí àwọn èèyàn á máa fi wo fíìmù nínú ọkọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ kékeré ni. Ṣa èyí tó bá dáa jù, kí o gbé e lọ sí Port-Bouët. Awakọ̀ rẹ̀ á dúró dè ọ́ níbẹ̀. Má dójú tì mí o."

"Ọkọ̀ kékeré, Bàbá?"

"Ṣé Faransé ni mo sọ ni?"

Ì bá kúkú ti sọ Faransé. Abidjan ni wọ́n bí mi sí. Ọkọ̀ tí mo mọ̀ ni tasí, gbákà tó jẹ́ bọ́ọ̀sì kékeré, àti wòròwòrò, tasí àjùmọ̀wọ̀ tó ń já èèyàn sí Riviera. Èyí tó ń lọ lórí ọ̀sà, bàtó là ń pè é, kódà bó bá jẹ́ Yorùbá là ń sọ. Ṣùgbọ́n Bàbá Kékeré ti dàgbà kó tó kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lójú tirẹ̀, ọkọ̀ ni ọkọ̀, yálà ó ní táyà tàbí kò ní. Ẹni tó bá sì ń wà á, awakọ̀ ni.

Mo fi gbogbo ọkàn mi ṣa ẹrù náà. Mo mú àwọn ojú fíìmù pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi bẹ́líìtì so mọ́ ẹ̀yìn àga mọ́tò, níbi tí èèyàn ń gbórí lé. Mo mú wáyà wọn, èyí tí wọ́n ń kì bọ ihò ìtanná sìgá níwájú awakọ̀. Mò ń wo àwọn ọmọ Alájà lọ́kàn mi, bí wọ́n á ṣe jókòó sẹ́yìn, tí wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Mo nu gbogbo rẹ̀ títí ó fi ń dán. Inú mi dùn. Mo fẹ́ kí ó yéni pé inú mi dùn gan-an, nítorí kò pẹ́ rárá tí ìdùnnú yẹn fi bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ní Port-Bouët, ọkùnrin kan tó fẹ̀ léjìká ló pàdé mi lẹ́bàá ọ̀sà. Àbúrò Alájà ni, òun náà sì ni awakọ̀.

"Ìwọ lọmọ ẹlẹ́rọ?"

"Èmi ni, sà. Ọkọ̀ dà?"

Ó nawọ́ sí orí omi. Bàtó kékeré kan ló wà níbẹ̀, aláwọ̀ ewé, pẹ̀lú pákó gbọọrọ tí èèyàn ń jókòó lé, aṣọ tí wọ́n ta bò ó lórí, àti ẹ́ńjìnnì nídìí rẹ̀. Kò sí àga tó ní orí. Kò sí ihò ìtanná sìgá.

Àwọn awakọ̀ omi tó kù ti pé lé wa lórí. Ọkùnrin yìí ti ń fọ́nnu fún wọn pé fíìmù ń bọ̀ nínú ọkọ̀ tòun, tiwọn á sì di ẹdun arinlẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn na bẹ́líìtì sókè.

"Ẹ wá wò ó o! Ànàgó gbé ẹrù mọ́tò wá fún bàtó!" Ànàgó ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí.

"Ó ku táyà! Bi í pé ibo ló gbé táyà sí!"

"Awakọ̀, dín iná mọ́tò rẹ kù o, ẹja ò ríran!"

Ọkùnrin náà ò wo wọ́n. Èmi ló tẹjú mọ́.

"Ta ló rán ọ pé kí o wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ọkọ̀ ni wọ́n sọ fún mi."

"Kí nìyí? Ewúrẹ́ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Bí ẹ̀rù bá bà mí, ẹ̀rín ló ń jáde, kì í sì í ṣe ẹ̀rín tòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló máa ráyè gbọ́ àlàyé yẹn? Ó fi orí kàn mí nímú. Mi ò tíì gbé ọwọ́ sókè tó fi da ẹ̀ṣẹ́ bò mí. Mo ṣubú lu etí ọkọ̀, mo gbọ́ ìró eyín mi tó kán bí ìgbà tí èèyàn fọ́ ìṣáná, mo sì wọ inú omi. Nígbà tí mo gbórí sókè, ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ padà. Omi iyọ̀ àti epo pẹtiróòlù kún ẹnu mi. Mo gbórí sókè, ó tún tẹ̀ ẹ́. Mi ò rántí Ọlọ́run, mi ò rántí ìyá mi. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé Bàbá Kékeré á bínú pé ẹrù ti tutù.

Bàtà Alájà ló gbà mí. Alájà ń bọ̀ wá wo ẹrù rẹ̀ ni; ó sáré dé, ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń fi gbá àbúrò rẹ̀ lórí, lẹ́nu, lẹ́yìn ọrùn.

"Ṣé o fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ ni? Ṣé ẹ̀wọ̀n ló wù ọ́? Fi í sílẹ̀, ìwọ ẹran yìí!"

Wọ́n wọ́ mi jáde sórí iyanrìn. Alájà pe Bàbá Kékeré pé kó máa bọ̀, wọ́n ti lu ọmọ rẹ̀. Ó wá jókòó tì mí, ó fi etí ìborùn rẹ̀ nu ẹ̀jẹ̀ ẹnu mi.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Yákò. Kí ló wá yẹ kó wà nínú ọkọ̀ omi ná?"

Mo dá a lóhùn. Bóyá torí kí n má baà sunkún ni. Mo ní kí wọ́n má ra èyí tó ń lo àwo, ìgbì á máa mú kó fò. Kí wọ́n má ra èyí tó ń ju àwòrán sára aṣọ funfun, oòrùn ò ní jẹ́ kí wọ́n rí nǹkan, atẹ́gùn á sì gbá aṣọ náà bí ìgbòkun, á tì wọ́n síbi tí wọn ò lọ. Tábúlẹ́ẹ̀tì tí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa ló dáa, kí wọ́n fi okùn so ó rọ̀ lábẹ́ aṣọ ìbòrí, kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọ sí oòrùn, kí fíìmù wà nínú káàdì. Kí wọ́n ra bafúlù kékeré tí omi ò lè bà jẹ́, àti bátìrì tiwọn, kí ó wà nínú ike tó ní ìdérí, jìnnà sí epo ẹ́ńjìnnì.

Ọkùnrin tó fẹ́ rì mí ń gbọ́ láti òkèèrè.

"Bí omi bá ta sí ojú rẹ̀ ńkọ́?" ló bi mí.

"Ẹ fi ọ̀rá tó mọ́ gaara wé e, sà."

Ó mi orí. Mo pè é ní sà, pẹ̀lú eyín kíkán lẹ́nu mi.

Tasí kan dúró. Bàbá Kékeré sọ̀kalẹ̀. Kò kí Alájà, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó wo ojú mi, ó sì gbé àjẹ̀ kan tí wọ́n fi ń tu ọkọ̀ nílẹ̀.

"Ta ló lu ọmọ mi?"

Ọmọ mi. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Èmi ni," ni ọkùnrin yẹn wí. "Kí lẹ fẹ́ ṣe?"

Bàbá Kékeré fọ àjẹ̀ mọ́ ọn léjìká. Ó tún là á mọ́ ọn níwájú orí, ojú kan sì di ẹ̀jẹ̀. Ọkùnrin náà kọlù ú, àwọn méjèèjì yí sínú iyanrìn, ó bù ú jẹ lápá, Bàbá Kékeré di ọrùn rẹ̀ mú, ó ń fi orí rẹ̀ gbá pákó ọkọ̀ Alájà. Alájà ń ké "Ẹ̀yin àgbà! Ẹ̀yin àgbà!" Inú mi ń dùn. Àyà mi gbóná, mò ń ka ìró orí yẹn sí ìfẹ́. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, mo mọ̀ pé kò yẹ, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Àwọn awakọ̀ omi ló là wọ́n. Aṣọ Bàbá Kékeré ti ya dé ìdí. Ó ń mí gúlegúle. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sórí àwọn ẹrù tó tú ká nínú iyanrìn.

"Kí nìyí?"

"Bàbá, ẹ ní ọkọ̀ kékeré…"

"Ọkọ̀ ni mo wí!"

"Ọkọ̀ ni mo gbọ́, sà."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wa. Bàbá Kékeré gbé ọwọ́ sókè, ọwọ́ kan náà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbèjà mi, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ṣì wà lára rẹ̀. Mo rí i tó ń bọ̀. Mo gbá a mú lófuurufú.

Láàárín wa, ẹni tó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú ti ṣe ohun tí wọ́n á máa sọ lẹ́yìn rẹ̀ títí lọ. Ó fà á, mi ò fi í sílẹ̀. Mo rí i pé mo lágbára jù ú lọ. Mi ò mọ̀ rí. Mo fún ọrùn ọwọ́ rẹ̀ pọ̀, ìrora hàn lójú rẹ̀, mo tún fún un sí i. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù lọ́jọ́ yẹn nìyẹn, ju omi lọ: ó dùn mọ́ mi.

"O di ọwọ́ mi mú," ló wí, jẹ́jẹ́.

"Ẹ má lù mí mọ́, Bàbá."

"Fi ọwọ́ mi sílẹ̀."

Mo fi í sílẹ̀. Kò lù mí. Ó ṣa ẹrù rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó bẹ Alájà, ó wọ tasí. Ó fi ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì sílẹ̀ gbayawu fún mi. Mo dúró lórí iyanrìn. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, awakọ̀ tasí na ọwọ́ sẹ́yìn, ó pa á.

Alájà ló fún mi ní yàrá tí mo sùn, lẹ́yìn ibi tó ń kó aṣọ sí ní Treichville. Ìyàwó Bàbá Kékeré gbé àpò mi wá bá mi níbẹ̀. Ó ti fọ gbogbo aṣọ mi, ó ti lọ̀ wọ́n. Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi bẹ ọkọ rẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn, ó sún mọ́ mi.

"Ọkọ mi," ló wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń gbàdúrà lọ, "ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe di ọwọ́ rẹ̀ mú?"

Mo rò pé ó ń bá mi wí ni. Ṣùgbọ́n ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ sókè níwájú mi, ó ń retí. Mo fi hàn án. Mo gbé àtàǹpàkò mi sí abẹ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, mo fi ìka tó kù yí i ká. Ó wò ó dáadáa. Lẹ́yìn náà ó ní kí n gbé ọwọ́ mi sókè, bí ẹni tó fẹ́ gbá òun létí, kí òun náà gbìyànjú rẹ̀ wò.