Ikùn Mẹ́ta Tí Àbúrò Rán

Ẹ wá jókòó. Ẹni tó bá rí àpótí kó fà á mọ́ra, ẹni tí kò bá rí, ilẹ̀ kò kọ ìdí ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò gba ìkánjú. Kò sì gba pé kí ẹ máa ṣàánú mi, nítorí àwọn tó yẹ kí ojú tì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn, èmi gan-an sì wà láàárín wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bí ọmọbìnrin méjì sílẹ̀ kó tó kú. Èmi ni àbúrò bàbá wọn, èmi ni wọ́n ń pè ní Àǹtí, èmi sì ni àgbà kan ṣoṣo tó kù fún wọn l'Ékòó. Èyí ẹ̀gbọ́n rí ọkọ olówó fẹ́. Máníjà ni ọkọ rẹ̀ ní iléeṣẹ́ kan n'Íganmú, ilé wọn sì wà ní Súrùlérè, ilé tó ní òdòdó níwájú àti bọ́ìsì-kọ́tà lẹ́yìn. Èyí àbúrò ń ránṣọ ní Yábàá. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ń tún iná mọ́tò ṣe ní Pápá Àjàó, ọmọ ilé kéú, ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ará ilé rẹ̀ ti wá mọ̀ wá, àwa náà ti mọ̀ wọ́n. Ìgbéyàwó nìkan ló kù.

Ohun tó ṣe ẹ̀gbọ́n ni pé kókó kan wà nínú rẹ̀. Dókítà fẹ́ yọ kókó, ó yọ ilé ọmọ pọ̀ mọ́ ọn. Ọkọ rẹ̀ mọ̀, èmi mọ̀, àbúrò mọ̀. Ìyá ọkọ, tó wà nílé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, kò mọ̀. Tí ẹ bá sì bi mí, mo máa sọ fún yín pé ohun tí ẹ̀gbọ́n ń wá kì í ṣe ọmọ bí kò ṣe pé kí ẹnikẹ́ni má mọ̀.

Dókítà mìíràn ló wá sọ fún wọn pé ọ̀nà wà. Ó ní òun lè fi abẹ́rẹ́ gbé omi ara ọkọ sínú obìnrin mìíràn, láìjẹ́ pé ọkùnrin fọwọ́ kan obìnrin náà. Obìnrin ọ̀hún á lóyún, á bí i, á gbé e lé wọn lọ́wọ́.

"Ẹlòmíràn á gbowó," ni ẹ̀gbọ́n wí, "tó bá sì gbowó tán, á tún sọ̀rọ̀. Ọmọ ìyá mi kò ní gbowó, kò sì ní sọ̀rọ̀."

Ọ̀sán ọjọ́ Sunday kan la jókòó sí pálọ̀ wọn. Wọ́n gbé bísíkíìtì àti mọ́ọ̀tì fún mi, mo sì jẹ, mo mu. Ọkọ mú bírò jáde bí ẹni tó wà ní ọ́fíìsì. Ó ṣírò ti dókítà, ó ṣírò ti ilé ìwòsàn, ó ṣírò aṣọ ọmọ. Nígbà tó yá, ó gbójú sókè.

"Kí ni a máa fún àbúrò wa?"

"Ẹ̀ẹ́n?" ni ẹ̀gbọ́n pariwo. "Ṣé ọjà ni mo wá ná lọ́wọ́ rẹ̀ ni? Ọmú kan náà la jọ mu. Àǹtí, ẹ bá mi dá sí i."

Mo nu ẹnu mi, mo ní ọmọ ìyá kì í díye lé ara wọn. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, àbí? Kò ná èmi tó sọ ọ́ ní kọ́bọ̀.

Àbúrò kọjú sí wa. "Mi ò bèèrè owó," ló wí. "Ohun méjì ni mo fẹ́. Tí mo bá bímọ tán, kí Àǹtí máa fi omi gbígbóná tẹ inú mi fún ogójì ọjọ́, kí n lè lọ sílé ọkọ mi bí mo ṣe wà. Ìkejì, tó bá wá di pé ọkùnrin mi gbọ́, kí ẹ̀gbọ́n mi fẹnu ara wọn sọ fún un pé àwọn ló rán mi. Mi ò fẹ́ pàdánù rẹ̀."

"Ìyẹn nìkan?" Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. "Kí ló wá le níbẹ̀?"

Báyìí ni a ṣe sọ fún ọkùnrin Pápá Àjàó pé àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ń lọ sí Ìbàdàn láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ ṣe ọnà sára aṣọ. Èmi ni mo lọ sọ ọ́. Ó ní kó lọ ire, kó bọ̀ ire, ó sì ki owó ọkọ̀ bọ̀ mí lọ́wọ́ fún un.

Oyún dúró. Bọ́ìsì-kọ́tà ni wọ́n fi àbúrò sí, wọ́n ní kó má ṣe yọjú sí iwájú ilé. Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mọ́ mi nínú nígbà yẹn, tó wá di ìtìjú fún mi. Ọwọ́ àbúrò náà la fi rán ikùn tí ẹ̀gbọ́n ń so kiri. A gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wá fún un. Ó fi téèpù wọn ikùn ara rẹ̀, ó gé aṣọ, ó ki fóòmù wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, ó fi okùn sí i lẹ́yìn. Ikùn oṣù márùn-ún, ikùn oṣù méje, ikùn oṣù mẹ́sàn-án. Tí tirẹ̀ bá ti ga sí i, á tú ti àtijọ́ sílẹ̀, á rán ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tuntun.

Ẹ̀gbọ́n á dúró níwájú dígí, á yí síhìn-ín, á yí sọ́hùn-ún.

"Apá òsì yìí ga ju ọ̀tún lọ. Tún un ṣe."

"Bó ṣe rí lára tèmi nìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi. Apá ibẹ̀ ló máa ń sùn sí."

"Ti ara rẹ kọ́ la ń wí. Èmi ni àwọn èèyàn ń wò."

Òótọ́ ló sọ, òun ni wọ́n ń wò. Wọ́n ń dìde fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń ní kó rọra, wọ́n ń pè é ní ìyá ìbejì. Obìnrin tó lóyún fóòmù á fọwọ́ ti ẹ̀gbẹ́, á mí kanlẹ̀, á ní ọmọ yìí kò jẹ́ kí òun sùn. Lẹ́yìn ilé, ẹsẹ̀ ẹni tí ọmọ kò jẹ́ kó sùn wú débi pé bàtà sílípáàsì ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wọ̀.

Ó bí ọmọbìnrin. Orúkọ ẹ̀gbọ́n ló wà lórí káàdì ilé ìwòsàn. Lọ́jọ́ kejì ni ìyá ọkọ dé láti ilé pẹ̀lú òrí àti àdí, obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ ti wẹ ọmọ kò lóǹkà. Kò tilẹ̀ sinmi. Ó gbé omi kaná, ó pe ẹ̀gbọ́n sí balùwẹ̀, ó ki táwẹ́ẹ̀lì bọ omi, ó fi lé e níkùn, ó sì tẹ̀ ẹ́.

"Yéè! Màmá, ó gbóná!"

"Fara dà á, ìyàwó mi. Ẹni tó bímọ ń wẹ̀."

Gbogbo ilé gbọ́ igbe náà. Àlejò ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọlọ́mọ tuntun ń jẹ̀gbádùn. Èmi ńkọ́, tí mo ṣèlérí omi gbígbóná fún ẹni tó bímọ? Mo wà ní pálọ̀. Mo ń gbé ọmọ fún àlejò wò, mo ń gba ẹ kú ewu ọmọ. Mo ní tí mo bá gbé omi lọ sẹ́yìn, ìyá ọkọ á bi mí ta ló fẹ́ wẹ̀. Nítorí náà n kò gbé e lọ lọ́jọ́ kejì, n kò gbé e lọ lọ́jọ́ karùn-ún. Ọmú àbúrò le bí òkúta. Wàrà inú agolo ni ọmọ ń mu, gbogbo ìgbà tó bá sì ké ní ilé ńlá, bùláòsì ìyá rẹ̀ á rin ní bọ́ìsì-kọ́tà.

Lọ́jọ́ kẹfà, ìyá ọkọ lọ sá aṣọ ọmọ sẹ́yìn ilé, èmi sì tẹ̀ lé e kí n lè máa ṣọ́ ọ. Ó bá àbúrò nídìí ẹ̀rọ omi. A ti sọ fún un pé àbúrò ìyàwó wà lẹ́yìn, ara rẹ̀ kò yá. Ó wo bùláòsì. Ó wo bí àbúrò ṣe dúró.

"Ìwọ lo bí i," ló wí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Mi ò bi ọ́ léèrè. Láti ọjọ́ tí mo dé ni mo ti mọ̀ pé ikùn tí mo ń tẹ̀ kò gbé nǹkan kan." Ó yíjú sí mi. "Àna mi, ẹ̀yin náà mọ̀?"

"Mo mọ̀, mà."

"Ẹ mọ̀, ẹ wá jókòó sí pálọ̀, ẹ ń jẹ bísíkíìtì."

A sọ ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ náà fún un. Láti ọjọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé omi lọ sẹ́yìn. Mo bi í bóyá á wá fi omi ti ẹ̀gbọ́n sílẹ̀. "Kí ló dé?" ló wí. "Tiẹ̀ á túbọ̀ gbóná ni. Ṣebí ó ní òun bímọ." Kò sì fi sílẹ̀ lóòótọ́. Àràárọ̀ ni igbe ń jáde ní balùwẹ̀, ẹ̀gbọ́n kò sì lè sọ pé kí wọ́n má tẹ òun mọ́.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni nǹkan bàjẹ́. Ọkùnrin Pápá Àjàó wá kí wa. Ó gbé páálí ọṣẹ wá, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ẹ mọ̀ pé ọkọ ìyàwó ọ̀la kì í jókòó nílé àna, iṣẹ́ ló ń ṣe. Àga kò tó. Mo sì la ẹnu mi yìí, mo ní, "Ọkọ wa, ẹ bá wa kó àga tó wà lẹ́yìn ilé wá." Kí n tó rántí, ó ti lọ.

Mo sáré tẹ̀ lé e. Mo bá a tó dúró, àga méjì lọ́wọ́, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú bùláòsì rírin. Ó ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò fi ọ̀kan pa mọ́.

"Abẹ́rẹ́," ni ọkùnrin náà ń wí. "Èmi náà ń fi wáyà gbé iná lọ síbi tó bá wù mí, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí abẹ́rẹ́ tó ń fún èèyàn lóyún." Ó gbé àga sílẹ̀. "Pe ẹ̀gbọ́n rẹ. Tó bá sọ ọ́ lójú mi pé òótọ́ ni, mo gbà, mi ò sì ní dá a sọ mọ́ láéláé."

Ẹ̀bẹ̀ wo ló tún rọrùn ju èyí lọ? Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n níbi tó ti gbé ọmọ lé itan, mo sọ ọ́ sí i létí. Kò ṣẹ́jú.

"Lónìí? Níwájú àlejò? Ẹ ní kó dọ̀la."

Ó di ọ̀la, ó ní orí ń fọ́ òun. Ó di ọ̀tunla, àbúrò kúnlẹ̀ fún un ní yàrá, lójú mi.

"Òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ méjì péré, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Tí mo bá sọ fún ẹnì kan, mo ti sọ fún gbogbo Mushin nìyẹn. Ṣé ọkùnrin kan ṣoṣo ló wà l'Ékòó ni? A máa wá òmíràn fún ọ."

Ìyá ọkọ gbọ́. Ó ró aṣọ mọ́dìí, ó ní kí n mú òun lọ sí Pápá Àjàó. Ọkùnrin náà nu òróró ọwọ́ rẹ̀, ó fún wa ní bẹ́ǹṣì, ó dọ̀bálẹ̀ kí wa. Ó gbọ́rọ̀ wa tán.

"Ìyá, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ọmọ yín ni ọkùnrin tí mò ń fura sí. Ohun tí ìyá á sọ lẹ sọ yìí." Ó wá kọjú sí mi. "Ẹ̀yin, Àǹtí, ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé Ìbàdàn ló wà."

Ó ṣì dúró de ẹ̀gbọ́n títí ogójì ọjọ́ fi pé. Ẹ̀gbọ́n kò lọ. Ìyá ọkọ ti fi omi tẹ ikùn àbúrò, ikùn náà ti padà sípò, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bíi ti wúńdíá. Kò kúkú sí ẹni tó fẹ́ rí i mọ́.

Bí wọ́n ṣe pín in nìyí. Ẹ̀gbọ́n jogún ọmọ àti orúkọ ọmọ tí wọ́n fi ń pè é. Ọkọ rẹ̀ jogún ìdákẹ́jẹ́, ó ń jẹ ẹ́ bí oúnjẹ. Ọkùnrin Pápá Àjàó fẹ́ ọmọ Ìdí-Oró kan. Nígbà tí ìyá ọkọ kú, wọ́n ṣí àpótí rẹ̀, wọ́n bá iyùn ọrùn rẹ̀ nínú rẹ̀, ó sì ti sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé ẹni tó wà ní bọ́ìsì-kọ́tà ló ni ín. Wọ́n gbé e fún àbúrò tìbínú-tìbínú. Àbúrò kò pẹ́ l'Ékòó lẹ́yìn náà, ó kó lọ sí Ìlọrin, kò sì tún bímọ.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Yábàá ṣófo. Èmi ni mo gbà á. Ibi tó dára ni, ẹ̀bá ọ̀nà gan-an, mo sì tajà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀.