Pírátíkà Fọláhànmí Láti Ilẹ̀ Àánú

Ní ọdún 1988, bí wọ́n bá kó gbogbo ọmọ tó ń kọ́ Físíìsì fún A-Lẹ́fẹ́ẹ̀lì láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́ jọ, tí wọ́n ní kí wọ́n tò bí orí oníkálùkù ṣe pé sí, Fọláhànmí ni yóò wà níwájú, ẹni tó tẹ̀ lé e yóò sì jìnnà sí i tó ibùsọ̀ mẹ́ta. Ẹni tó bá ní àsọdùn ni, kó lọ béèrè ní Tákíè, láàárín ìgboro Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọbìnrin Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni. Oyèlékè bàbá rẹ̀, télọ̀ tó ń rán sùtánà fún àwọn ìjọ aláṣọ funfun, ló mú un wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, tó fi í sínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì Wòlíì Jayéọlá. Dókítà ni bàbá fẹ́ kó dà. Wọ́n sì ti sọ fún un pé láìsí Físíìsì, kò sí dókítà.

Nígbà tí ìdánwò kù dẹ̀dẹ̀, láàárín ìsìn ọjọ́ Ẹtì, Wòlíì fò sókè.

"Mo rí wáyà! Ó ń lọ́ mọ́ ọmọ Oyèlékè lọ́wọ́ bí ejò! Ọjọ́ méje nílẹ̀ àánú! Kò gbọdọ̀ tẹ ẹsẹ̀ síta!"

Fọláhànmí mọ wáyà náà dáadáa. Ní Sátidé tó kọjá, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ló jókòó sí tó ń wé wáyà bàbà mọ́ agolo mílíìkì, Wòlíì fúnra rẹ̀ sì kọjá, ó ní, "Kú iṣẹ́ o, ọmọ mi." Ṣùgbọ́n ta ni yóò bi wòlíì léèrè pé ojú wo ló fi rí ìran?

Yàrá kékeré ni ilẹ̀ àánú: ẹní kan, fèrèsé kan, àbẹ́là méje. Bàtà kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, ìwé mìíràn kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ yàtọ̀ sí Bíbélì. Fọláhànmí ka ọjọ́ lórí ìka. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́sàn-án, ni pírátíkà Físíìsì, ọjọ́ náà ló sì di karùn-ún. Ó wá dàbí ẹyẹ tó kó sínú ilé: ó rí ìmọ́lẹ̀, kò rí ọ̀nà.

Lọ́jọ́ Ajé bàbá rẹ̀ dé láti Ọ̀yọ́. Òun àti Wòlíì jọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ kúnlẹ̀ nínú.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀la ni pírátíkà."

Wòlíì ló dáhùn. "Ṣebí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ máa kọ̀wé?"

"Ìyẹn náà wà, Bàbá Wòlíì. Ti ọ̀la, ọwọ́ la fi ń ṣe é. A ó so òkò kékeré rọ̀ sórí òwú, a ó máa fì í, a ó máa ka iye ìgbà tó lọ tó bọ̀."

Wòlíì bú sẹ́rìn-ín. "Òkò àti òwú! Jáńgílófà nìyẹn!"

"Bó bá jẹ́ òwú ni," Oyèlékè sọ, "má sunkún mọ́. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń di òwú mú. Èmi á lọ bá ọ ṣe é."

"Bàbá, wọn kì í báni ṣe é!"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Bí ara ọmọ iṣẹ́ mi kò bá yá, ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í wá bá a rán aṣọ tó kù kó tó gba fúrídọ́ọ̀mù?"

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Oyèlékè gbé tépù kọ́rùn, ó mú sísọ́ọ̀sì, ó di ilé-ẹ̀kọ́. Kò pẹ́ ni Fọláhànmí gbọ́ gìrìgìrì ẹsẹ̀. Bàbá ti sáré padà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Tíṣà yín, Ọ̀gbẹ́ni Mìkáílù, bi mí pé ta ni mo wá wò. Mo ní èmi ni Fọláhànmí. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí àga fi wó! Ó ní ẹni tó lórúkọ ló gbọ́dọ̀ jókòó, àìjẹ́bẹ́ẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọmọ mi, òótọ́ ló sọ. Wọn kì í wọn aṣọ ìyàwó lára àbúrò rẹ̀. Dìde!"

Wòlíì ti dé. "Oyèlékè, ọjọ́ kò pé o! Ohunkóhun tó bá ṣe é níta, ọrùn rẹ ló wà."

Fọláhànmí dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ kò gbé. Òun náà gbàgbọ́, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Wọn kò ti ìlẹ̀kùn, síbẹ̀ kò lè jáde.

Ni Oyèlékè bá bọ́ bàtà, ó wọlé, ó jókòó sórí ẹní, ó ṣí Sáàmù. "Bàbá Wòlíì, ẹ máa ka ìyókù ọjọ́ rẹ̀ sí mi lọ́rùn. Ìwọ, máa lọ."

"Ẹ̀mí kò rí ọ, Oyèlékè! Ọmọ yìí ló rí!"

"Ẹ ní kó tún wò dáadáa."

Fọláhànmí fò jáde. Ó gba Tákíè kọjá láìwọ bàtà, sùtánà ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, àwọn dírẹ́bà ń pariwo, "Ìyá aládùúrà, ta ló ń lé yín?" Aago mẹ́sàn-án ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ nígbà tó dé láàbù.

Mìkáílù wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ṣé Fọláhànmí gidi nìyí, àbí ìyá rẹ̀ ló tún wá? Wọlé. N kò ní fi ìṣẹ́jú kan kún un o."

Ó sáré so òkò rọ̀, ó tì í wéré. Òkò tó yẹ kó máa lọ kó máa bọ̀ ń yí òbíríkítí. Ìgbà mẹ́fà ló yẹ kó wọ̀n ọ́n. Mẹ́rin ló rí wọ̀n kí wọ́n tó ní kí wọ́n gbé kálàmù sílẹ̀.

Nígbà tí èsì jáde, E ni wọ́n fún un. Ó yege, ṣùgbọ́n E kì í gbéni dé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà. Ìresà ló lọ, ó ń kọ́ àwọn ọmọ àgbẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì, ara rẹ̀ sì ti ń balẹ̀ níbẹ̀, nígbà tí Oyèlékè yọ sí i lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín, ó mú fọ́ọ̀mù ìdánwò tuntun lọ́wọ́. Ó ti bá a kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Ó ti bá a mú Físíìsì.