Sẹ̀ǹtímítà Méjì tí Budhe Lasmini Fi Kún Galih

Bó o bá dé ilé Lasmini, má fẹ̀yìn ti ògiri. Yóò wọn bó o ṣe ga tó. Budhe, ìyẹn ẹ̀gbọ́n ìyá, ni gbogbo abúlé ń pè é. Ó ti tó ọdún méjìlélógún tó ti ń wọn gíga ọmọ wọn lóṣooṣù, tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún ìjọba. Ọkọ rẹ̀ pàápàá kò bọ́; ó ní bàbá náà ti kúrú sí i látọjọ́ ìgbéyàwó.

Nígbà tí ìbò ku oṣù kan, akọ̀wé olórí àgbègbè wá jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín Budhe, ó sì nu ọwọ́.

"Budhe, ọmọ mọ́kànlá lẹ kọ pé wọn ò ga tó ọjọ́ orí wọn. Ẹ bá wa fi sẹ̀ǹtímítà méjì kún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá fẹ́ kéde pé kò ku ẹyọ kan."

"Ṣé kí n máa fà wọ́n lẹ́sẹ̀ ni?"

"Bíírò nìkan náà ti tó, Budhe."

Budhe rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló wá ń dùn ún lọ́kàn jù lẹ́yìn náà, torí ibi tó ti ń rín in ló ti mú bíírò.

Láìpẹ́, pátákó ńlá dúró lẹ́bàá oko ìrẹsì, ọ̀gá ń fẹyín lórí ẹ̀: "Gbogbo ọmọ wa ló ga!" Ẹyin àti mílíìkì tí ìjọba ń fún àwọn mọ́kànlá náà bá dáwọ́ dúró. Ta ni wọn ó fún, nígbà tí ìwé ní wọn ò sí?

Lọ́jọ́ ìwọ̀n tó tẹ̀ lé e, Rukmi aládùúgbò rẹ̀ gbé Galih, ọmọ ọdún mẹ́ta, wá. Bí ìṣe rẹ̀, Budhe pe gíga ọmọ náà sókè: "Mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún."

Rukmi ṣí ìwé ọmọ rẹ̀. "Méjìdínláàádọ́rùn-ún lẹ kọ lóṣù tó kọjá. Àbí ọmọ mi ń súnkì bí aṣọ?"

Àwọn ìyá tó tò síbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Irọ́ kan ti dé ẹnu Budhe, àmọ́ ọrùn ọwọ́ Galih, tó rí tín-ín-rín, wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kò súnkì. Èmi ni mo fà á gùn nínú ìwé."

"Torí ẹ̀ ni ẹyin ọmọ mi fi dúró?"

"Torí ẹ̀ ni."

Ojú gbogbo wọn ni Budhe ṣe tún ìwé àwọn mọ́kànlá kọ, ó sì buwọ́ lù ú. Ọ́fíìsì olórí àgbègbè ò tíì fèsì. Adìẹ mẹ́rin péré ni Budhe ní, nítorí náà ó ń pín ẹyin wọn fún àwọn mọ́kànlá náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bó bá ṣe kàn wọ́n.

Bó bá kan Rukmi, á gbà á: "Ẹ ṣeun, mà." Kì í pè é ní Budhe mọ́. Galih nìkan ló ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀, tòun ti ẹyin lẹ́nu.