Ẹ̀kán Omi Kan ní Ìdí Kànga

Òórùn ògì kíkan ló máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn káàbọ̀ sí àdúgbò tí mo ń gbé ní Àgbówó nígbà náà. Àgbàdo tí wọ́n ti rẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n wá ń fi aṣọ funfun sẹ́: òórùn rẹ̀ á ti gba gbogbo ojú ọ̀nà kí o tó sọ̀kalẹ̀ nínú táksí. Ilé ìyá ológì ló ti ń wá. Ìjẹ̀ṣà ni ìyá náà, opó ni. Ọkọ rẹ̀ ló gbẹ́ kànga tó wà níwájú ilé wọn kó tó kú, omi kànga yẹn ni ìyá náà sì fi ń ṣe ògì tó fi tọ́ ọmọ mẹ́rin. Ẹ̀rọ omi ìjọba ti gbẹ tipẹ́tipẹ́. Ta ló fẹ́ dúró de ìjọba ológun kó tó mumi? Ìdajì àdúgbò ló ń pọnmi níbẹ̀, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ àárọ̀ tí n kò ní nǹkan kan nínú yàrá, ìyá yẹn á ní kí n gbé abọ́ mi wá, á bu ògì gbígbóná sí i. Mo fẹ́ kí o mọ èyí kí n tó sọ bí mo ṣe fi ibi san oore rẹ̀.

Ìwọ náà mọ bí a ṣe rí nígbà tí a ń ṣe dígírì kejì. Imú wa ń kan òfurufú! Àwa márùn-ún ní ẹ̀ka wa pinnu pé ìwádìí nípa omi àti àyíká kò gbọ́dọ̀ parí sínú ìwé tí ẹnì kankan kò ní kà. A ó gbé e lọ bá aráàlú, a ó sì fi Yorùbá sọ ọ́ fún wọn. Ohun tó dára ni, mi ò ní bú u títí dòní. A mú Sátidé ìmọ́tótó, nítorí kò sẹ́ni tó lè kúrò ládùúgbò lọ́jọ́ náà kí aago mẹ́wàá tó lù. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ a bu omi kànga mẹ́jọ ní àdúgbò náà sínú ìgò, a gbé e lọ sí láàbù. Ibẹ̀ la ti máa mọ èyí tó léwu, àmọ́ èsì rẹ̀ máa tó ọjọ́ mélòó kan kó tó jáde.

Èmi ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀, torí ẹnu mi dùn. A gbé tábìlì síwájú kànga ìyá ológì, nítorí ibẹ̀ ni oòrùn ti ń ràn dáadáa. Maikirosikóòpù wa, awò tó ń sọ ohun tíntìntín di ńlá, kò lo iná. Dígí kékeré tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ló ń da ìmọ́lẹ̀ oòrùn sókè. Èrò pé jọ, tọmọdé tàgbà, ìgbálẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn mìíràn. Mo fa omi látinú kànga, mo kán an sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, mo ní kí wọ́n máa wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wò ó. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mẹkáníìkì kan gbójú kúrò lẹ́nu awò náà, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì, ṣé ohun tí ẹ torí ẹ̀ kó wa jọ nìyí?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Àwọn kan ti ń lọ.

Ohun tó yẹ kí n sọ ni pé kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru kéré ju ohun tí awò wa lè fi hàn lọ, pé omi tó mọ́ lójú lè léwu, kí wọ́n ní sùúrù de èsì láàbù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ tí kò lè dá èrò dúró ni. Ojú ń tì mí. Omi tó ń dà nù nígbà tí wọ́n bá ń fà á ti dúró pẹ́ ní ìdí kànga, ó ti ń yọ̀, ó ti ṣe àwọ̀ ewé. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ so okùn bàtà, mo fa ẹ̀kán kan níbẹ̀, mo kán an sórí gíláàsì. Ọmọbìnrin kan tí a jọ ń ṣèwádìí rí mi. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ sí mi létí pé, "Omi ilẹ̀ nìyẹn o, kì í ṣe tinú kànga." Mo ṣẹ́jú sí i. Mo sọ fún ara mi pé ṣebí inú kànga náà ló ti wá.

Ẹni àkọ́kọ́ tó wò ó fò sẹ́yìn. "Yéè! Wọ́n ń rìn!" Ariwo ta. Wọ́n ń ti ara wọn kí wọ́n lè débẹ̀. Àwọn kòkòrò wọ̀nyẹn, kò sí omi àdágún tí kò ní irú wọn, wọn kì í ṣe èèyàn ní nǹkan kan. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá ológì ló wò ó kẹ́yìn, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, èmi ló wò. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé inú kànga mi ni gbogbo èyí wà?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Lọ́jọ́ kejì, ògì rẹ̀ wà níbi tó gbé e sí, kò sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, kò sẹ́ni tó wá pọnmi mọ́. Gbogbo wọn ti yí sí kànga lándílọ́ọ̀dù kan tó wà lókè, tí omi rẹ̀ mọ́ gaara. Ọjọ́ kẹrin ni èsì láàbù jáde. Kànga ìyá ológì ló mọ́ jù nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ti lándílọ́ọ̀dù, tó sún mọ́ ṣáláńgá, òun ló burú jù.

Mo mú ìwé èsì lọ bá a nínú yàrá rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́ ohun gbogbo. Mo rò pé ó máa gbé mi ṣépè ni. Ó gba ìwé náà, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó dá a padà fún mi. "Kà á fún mi." Mo kà á. Ó ní, "O ṣeun tí o wá. Ṣùgbọ́n ojú gbogbo ayé lo ti sọ tàkọ́kọ́. Wá bá mi sọ eléyìí náà lójú wọn." Mo ní mo gbọ́ mà, mo ní láàárọ̀ Sátidé tó ń bọ̀. Ó ní kí Ọlọ́run bù kún mi.

Ọ̀rẹ́ mi, mo fẹ́ lọ o. Àmọ́ nígbà tó di Tọ́sìdeé, ilé-iṣẹ́ rédíò kan ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ti gbọ́ nípa maikirosikóòpù wa, wọ́n ní kí n wá bá aráàlú sọ̀rọ̀ nípa omi láàárọ̀ Sátidé yẹn kan náà. Mo sọ fún ọmọbìnrin yẹn pé orí rédíò gan-an ni mo ti máa tún ọ̀rọ̀ náà ṣe, kí gbogbo Ìbàdàn gbọ́ ọ. Ó ní, "Àdúgbò ni kí o lọ." Mo ní kò yé e ni.

Nígbà tí atọ́kùn ètò bi mí pé, "Kí lẹ tilẹ̀ rí nínú kànga yẹn ní Àgbówó?" ìgbà yẹn ló yẹ kí n sọ ọ́. Gbólóhùn kan péré. Mo ro bí wọ́n ṣe máa pè wá ní onírọ́, mo ro orúkọ mi. Mo ní, "Há, ká ní ẹ rí i ni, ẹ ò ní mumi fún ọ̀sẹ̀ kan!" Atọ́kùn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ọmọbìnrin yẹn ló sọ ìyókù fún mi, nítorí òun lọ. Ìyá ológì ti jí gbá iwájú ilé, ó ti to àga síta, ó ti wọ aṣọ tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ti lọ láti ilé dé ilé pé kí wọ́n wá gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. Èèyàn bíi mẹ́wàá wá. Wọ́n ń dúró dè mí nígbà tí mẹkáníìkì yẹn tan rédíò rẹ̀, wọ́n bá gbọ́ ohùn mi. Ọmọbìnrin náà sáré dìde, ó ka èsì náà fún wọn. Wọ́n bi í pé ta ni kí àwọn gbà gbọ́, ẹni tó wà lórí rédíò àbí òun? Wọ́n tú ká. Ó ní ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó àga rẹ̀ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí ọdún yẹn tó parí, ó ti kó padà sí ìlú wọn. Èmi ti kó lọ sí Baṣọ̀run ṣáájú, kí n má baà máa gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa lé e bá. Ní Àgbówó, kò bá a.

Mo ti di olùkọ́ báyìí, ojú ṣì ń tì mí nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ máa ń bi mí pé báwo làwọn ṣe lè ṣe é tí aráàlú á fi gba ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì gbọ́, torí lójú tiwọn, kò sóhun tó le jùyẹn lọ. Mo máa ń dá wọn lóhùn dáadáa. Ohun tí n kò tíì lè sọ fún wọn ni pé ìyá kan gbà mí gbọ́ rí, ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan.