Ẹni Tó Ń Wẹ Òkú fún Ìjọ

Àbẹ̀kẹ́ àbúrò mi, ọmọ Oníkòyí, ọmọ ẹ̀ṣọ́ tí kì í gba ọfà lẹ́yìn. Obìnrin ìjọ wa tó bá kú ní Lálúpọn, òun ló ń wẹ̀ ẹ́. Nígbà tí òun náà kú, mo ní kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá wẹ̀ ẹ́. Wọ́n ń wo ara wọn lójú.

“Ẹ̀gbọ́n, òun ló máa ń bá wa ṣe é.”

“Ṣé kó dìde wá wẹ ara rẹ̀ ni?”

Ni ìyá ìjọ bá dá orin. Orin! Mo lé gbogbo wọn jáde, mo pọnmi, mo mú kànrìnkàn. Èmi tí orúnkún ń dùn, mo kúnlẹ̀, mo wẹ̀ ẹ́ látorí dé ẹsẹ̀. Inú ṣì ń bí mi.

A sin ín lọ́jọ́ Ẹtì.