Bí Mo Ṣe Gbé Iyán Àwọn Jagunjagun Wa Lọ Fún Ọ̀tá

Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní ìlú wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rín in. Èmi náà ti rín in títí, ìhà ṣì ń dùn mí!

Ìlú wa kò tóbi. Láàárín Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé ló wà. Ẹ jẹ́ kí n fi mọ síbẹ̀, torí n kì í sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán lórí fóònù. Àwọn àgbà ìlú àti àwọn olùkọ́ yunifásítì ló jọ pinnu pé a ó fi Sátidé àti Sọ́ńdè ṣe àfihàn Ogun Kírìjì, ogun tí àwọn baba wa bá Ìbàdàn jà láyé àtijọ́. Pápá ilé-ẹ̀kọ́ la sọ di ojú ogun. Àgọ́ Èkìtì wà níhà kan, ti Ìbàdàn wà níhà kejì, ojú ọ̀gbàrá gbígbẹ kan sì là wọ́n láàárín. Ẹni tó bá ti wọ àgọ́ kò gbọdọ̀ mú fóònù lọ́wọ́, kò sì gbọdọ̀ wọ aago.

Wàhálà àkọ́kọ́ ni pé ta ni yóò ṣe Ìbàdàn? Kò sẹ́ni tó gbà! Ọmọ Èkìtì wo ni yóò gbà kí wọ́n máa pe òun ní ará Ìbàdàn ní ìlú baba rẹ̀, kí orúkọ náà wá lẹ̀ mọ́ ọn lára títí tí yóò fi kú? Ọkùnrin kan tí wọ́n kọ́kọ́ yàn ní àwọn àna òun kò dáhùn ìkíni òun mọ́. Nígbẹ̀yìn, àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí wọ́n wá láti ibòmíràn ló gbà á. Balógun Ìbàdàn wa, ọmọ Tiv ni, láti Benue! Ọkùnrin gíga onírùngbọ̀n kan tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ àgbẹ̀. Yorùbá rẹ̀ kò ju "ẹ kú iṣẹ́" lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé èmi àti ìbọn kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, a ń ti oko kòkó bọ̀ nínú mọ́tò nígbà tí àwọn ẹni ibi yọ sí wa, tí wọ́n sì yìnbọn. Àárín ebè iṣu ni mo dọ̀bálẹ̀ sí títí oòrùn fi wọ̀. Ọlọ́run yọ gbogbo wa. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí ilẹ̀kùn bá gbá pẹ́nrẹ́n, abẹ́ tábìlì ni wọn yóò ti bá mi. Níbi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa, bàlúùnù ọmọdé kan bẹ́, mo fi bàtà sílẹ̀, mo sá délé!

Dúpẹ́, àkọ́bí mi tó wà ní Adó, ti tún yàrá kan ṣe dè mí. Ó ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, pé kí ló kù tí mo ń wá nílùú tí ọkàn mi kò ti balẹ̀? N kò fẹ́ lọ. Ta ni mo mọ̀ ní Adó? Ṣùgbọ́n mo ti bá ara mi ṣe àdéhùn: bí n kò bá lè fara da ọjọ́ méjì yìí láàárín àwọn èèyàn mi, Mọ́ńdè ni màá di ẹrù mi. Mo tiẹ̀ ti sọ fún Dúpẹ́ pé kó wá ọkọ̀ sílẹ̀.

Ìyá Títí, aládùúgbò mi, ló fà mí wọ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbóúnjẹ. Láyé ogun, àwọn obìnrin ló ń gbé iyán lọ bá àwọn ọkùnrin lójú ìjà. Èkìtì a máa fi ikùn òfìfo jagun ni? Ìyá Títí ní kí n fọkàn balẹ̀, pé Sọ́ńdè nìkan ni àgbá, ìbọn ńlá tí wọ́n gbé wá fún eré náà, yóò dún. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo bi í. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ní Sátidé, a gúnyán! Odó mẹ́fà, obìnrin méjìméjì nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ariwo ọmọ odó nìkan tó láti lé ọ̀tá padà sílé. A wé iyán sínú ewé, a kó o sínú agbọ̀n ńlá, wọ́n gbé e rù mí. Ìyá Títí ru ìkòkò ọbẹ̀, ó tẹ̀ lé mi. Àwọn ará ìlú ń pàtẹ́wọ́. Bàbá Ọlọ́dẹ, olórí àwọn ọdẹ ìlú wa, tó ṣe balógun Èkìtì, dúró lẹ́nu àgọ́, ó ń fọwọ́ pa ikùn.

Gbììì!

Ẹ̀yin èèyàn mi, àgbá ni! Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ló ní kí àwọn dán an wò. Kí ni mo mọ̀? Mo sáré. Ohun tó ń ya èmi fúnra mi lẹ́nu ni pé n kò ju agbọ̀n nù. Obìnrin Èkìtì wo ló ń ju iyán nù? Mo dì í mú, mo la ojú ọ̀gbàrá kọjá, mo kó sábẹ́ àtíbàbà àkọ́kọ́ tí mo rí, mo gbé agbọ̀n kalẹ̀, mo dojú bolẹ̀.

Nígbà tí mo lajú, ẹsẹ̀ ni mo rí. Ẹsẹ̀ púpọ̀. Àgọ́ Ìbàdàn ni mo sá sí!

Balógun ọmọ Tiv yẹn lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó gbé omi fún mi, ó ń pè mí ní Mama. Ó fi èdè Píjìn ní kí n rọra máa mí. Kò béèrè ohunkóhun. Ó kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ títí mo fi dìde jókòó, tí mo sì mu omi náà. Ìgbà yẹn ni ojú rẹ̀ wá bọ́ sínú agbọ̀n. Ó fi ìtìjú bi mí pé ṣé iyán nìyẹn. Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn Tiv náà kì í fi iyán ṣeré? Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kò sì tíì jẹun láti òwúrọ̀. Kí ni kí n ṣe? Mo wà lábẹ́ òrùlé wọn, wọ́n sì ti fún mi lómi. Mo ní kí wọ́n jẹ ẹ́.

Ọ̀dọ̀ Ìyá Títí ni ọbẹ̀ wà o! Ẹ̀pà yíyan ni wọ́n fi jẹ iyán! Ẹ̀pà! Omijé tí n kò dà nítorí àgbá fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi.

Ni mo bá gbọ́ ohùn Bàbá Ọlọ́dẹ láti òdìkejì: "Ìyá Dúpẹ́! Uyán mi dà?"

"Wọ́n ti jẹ ẹ́, Bàbá!"

"Ta ló jẹ ẹ́?"

"Àwọn ará Ìbàdàn ni!"

Gbogbo pápá hó yèè! Àwọn òǹwòran rò pé ó wà nínú eré ni. Ìyá Títí gbé ìkòkò sókè, ó ní: "Ọbẹ̀ rèé o! Ẹ wá gbà á bẹ́ ẹ bá láyà, ẹ̀yin ajẹ̀pà!"

Bàbá Ọlọ́dẹ ní òun ò jagun mọ́, pé ẹni tó bá jẹ uyán òun ni yóò gún un padà. Ẹ lè gbà á gbọ́? Ogun dúró! Balógun Ìbàdàn já ewé tútù dání fún àmì pé kò wá jà, ó kó èmi àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sọdá, wọ́n gba ọmọ odó lọ́wọ́ wa. Ọkùnrin yẹn gúnyán bí ẹni tí wọ́n bí sídìí odó. Kò ní kókó kan! Bàbá Ọlọ́dẹ tọ́ ọ wò, ó mi orí, ó ní: "Èkìtì lèyí. Ó kàn ṣìnà dé Benue ni."

Níbi tí a ti ń jẹun ni mo ti sọ ìdí tí mo fi sáré fún Bàbá Ọlọ́dẹ. Ó fọwọ́ kúrò nínú oúnjẹ. Kò sọ pé kí n mọ́kàn le. Ó bi mí pé bí mo bá mọ ìgbà tí yóò dún ńkọ́? Mo ní n kò mọ̀, torí kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí kó tó dún.

Ó mú mi lọ sídìí àgbá. Ó fi inú rẹ̀ hàn mí: kò sí ọta níbẹ̀, àkísà àti ẹ̀tù lásán ni wọ́n ń kì sí i. Mo fọwọ́ kàn án. Ó tutù bí ìkòkò.

Ó ní: "Lọ́la, bó ò bá gbé gèlè rẹ sókè, a ò níí yìn ín. Bó bá wù ọ́ kó má dún rárá, ẹnu la ó fi ja ogun náà."

Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n gbé mi gun bẹ́ǹṣì. Mo tú gèlè lórí, mo dì í mú. Èkìtì tò, Ìbàdàn tò, gbogbo ojú ń wò mí. N kò tíì gbé e sókè. Ẹnìkan pariwo láàárín èrò pé: "Ìyá Dúpẹ́, ẹ gbé e jàre, oòrùn ń pa wá o!"

Bàbá Ọlọ́dẹ yíjú sí i: "Ṣé ulé rẹ ń jó ni? Dúró!"

Ìyá Títí di ìbàdí mi mú, ó sọ sí mi létí pé bí mo bá fẹ́ ká máa lọ sílé, ká jọ máa lọ. Mo wo òdìkejì, ọmọ Tiv yẹn ń fi orí kí mi. Mo gbàdúrà kúkúrú. Mo gbé gèlè sókè.

Gbììì!

Àyà mi já. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi wà níbi tó wà! Èéfín kò tíì lọ tán tí mo tún fi gbé gèlè sókè. Gbììì! Mo tún gbé e! Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ayìnbọn ti ń bẹ̀ mí: "Ẹ ṣàánú wa, Màmá, ẹ̀tù ń tán lọ!"

Ní ìrọ̀lẹ́, Dúpẹ́ pè pé aago mélòó ni kí ọkọ̀ dé lọ́la. Mo ní kó jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa sùn nínú yàrá náà. Ó wá bi mí pé ariwo kí lòun ń gbọ́ yìí. Mo ní Èkìtì àti Ìbàdàn ló ń jiyàn lórí ẹni tó ṣẹ́gun.

N kò sọ pé ẹ̀rù ti tán lára mi o. Mo ṣì ń ta gìrì. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé bí ẹ̀rù bá ń ba ẹnìkan nítòsí yín, "mọ́kàn le" nìkan kò tó. Ẹ fi ohun tó wà nínú àgbá hàn án, kẹ́ ẹ sì dúró dè é.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ló bà yín lẹ́rù rí, ta ló sì dúró tì yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi. Màá kà á níkọ̀ọ̀kan, nínú ilé mi níbí.