Pèrègún Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Hú

Tó bá di ká ṣán oko, láti Alájùẹ dé Sẹ̀kọnà, ẹ ò lè rí irú mi. Iṣẹ́ tí lébìrà mẹ́ta máa fi ọjọ́ méjì ṣe, èmi nìkan á ṣe é láàárọ̀ kan. Èmi tí mo fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní SS2 nìyẹn o. Ìwé ò kúkú lè kọ ebè.

Inú ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Bàbá bàbá mi ló dá abà wa sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn láti Ẹdẹ, wọ́n ṣá igbó, wọ́n sùn sábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ, ìjàlọ jẹ wọ́n títí ẹsẹ̀ wọn fi wú. Ó pẹ́ kí ọ̀rẹ́ wọn tó wá bá wọn, wọ́n sì fún un nílẹ̀ lápá odò. Wọ́n wá gbin pèrègún sí ààlà. Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀yìn ahéré ẹni tó fúnni nílẹ̀ ni ìlà pèrègún ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wọ́n fún kì í gbin tiẹ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, wọ́n pe ìpàdé pé ká yan baálẹ̀. Ilé ẹni tó dá abà sílẹ̀ ló ń jẹ ẹ́, bàbá mi ló kàn. Àfi bí ọmọ ọmọ ọ̀rẹ́ yẹn, tíṣà tó ń gbé nígboro, ṣe gbé sáínbọ́ọ̀dù dé. Orúkọ bàbá bàbá tiẹ̀ ló kọ sí i pé òun ló tẹ abà dó!

Mo fò dìde. "Irọ́ ni! Ta ló fún bàbá bàbá yín nílẹ̀?"

"Jókòó, ìwọ ọmọ yìí," ó ní. "Kí lo mọ̀?"

Àgbà kan ní, "Kí lẹ̀ ń jà sí? Ṣebí pèrègún wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

Mo rọra jókòó. Bàbá mi ń wo ilẹ̀.

Èmi ni mo hú u. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, mo fẹ́ fẹ oko ẹ̀gẹ́ wa, mo ṣán gbogbo ẹ̀, mo wú gbòǹgbò, mo dáná sun ún. Mo tiẹ̀ ya fọ́tò eérú ẹ̀. Màmá àgbà ti kígbe pé, "Ọmọ yìí, má fọwọ́ kan ìyẹn!" Mo ní, "Màmá, ẹ sinmi, igi lásán ni."

A débẹ̀, ẹ̀gẹ́ nìkan la bá. Tíṣà yẹn rẹ́rìn-ín, ó gbá mi léjìká. "Akọni! Ọwọ́ ẹ mọ́ o." Kò tíì sí ẹni tó bú mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn àgbà ní táwọn ò bá rí nǹkan kan di Jímọ̀ tó ń bọ̀, wọn á gbé sáínbọ́ọ̀dù náà nàró.

Òní ni Jímọ̀ ọ̀hún. Láàárọ̀ yìí, lẹ́yìn ògiri ahéré bàbá bàbá mi tó ti wó, mo rí ewé pèrègún mẹ́ta tó yọ látinú ilẹ̀. Gbòǹgbò tí mo ní mo wú tán! Àṣé mi ò tiẹ̀ mọ iṣẹ́ náà ṣe tó bí mo ṣe ń pariwo. Ọpẹ́lọpẹ́ àìmọ̀-ọ́n-ṣe mi. Mo jókòó tì í látìgbà náà, tí mò ń fi fóònù kọ eléyìí, kí àwọn àgbà tó kírun tán.

Ewúrẹ́ ta nìyẹn? Ewúrẹ́ ilé bàbá tíṣà ni! Ó ti ń na ọrùn sí i. Mo ń lọ.